Owó Kọ́ Ló Ń Bí Ọmọkùnrin



Nínú oṣù tó kọjá, àwa tí a ń kọ abala ìlera yìí lọ bá ìdílé kan ṣe sùná. Ọmọbìnrin ni Ọlọ́hun fi ta wọ́n lọ́rẹ, òun sì ni ọmọbìnrin kẹrin tí ìyá rẹ̀ bí léraléra. Ilé náà kì í ṣe ilé òtòṣì. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, mọ́tò méjì wà lójúde, tọkọtaya ló kàwé gboyè. Wọ́n ti pa àgbò, aáfà ti dé, ìrẹsì ti jinná, ṣùgbọ́n bàbá ọmọ kò tíì sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Nígbà tó wá jókòó nígbẹ̀yìn, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ilé ṣe àdúà fún un pé ní ìwòyí ọdún tó ń bọ̀, àrólé ni a ó wá sọ lórúkọ. Gbogbo ilé ṣe àmín. Ìyá ọmọ tó gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́sẹ̀ náà ṣe àmín, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò jáde.

Bí a ṣe ń padà lọ sílé, ọ̀rọ̀ ọ̀hún di àríyànjiyàn nínú ọkọ̀. Ẹnì kan ní ohun tó ya òun lẹ́nu ni pé ilé olówó ni èyí ti ṣẹlẹ̀, torí òun ti gbọ́ pé ilé ọlá ni ọmọkùnrin ti ń pọ̀. Ẹlòmíràn ní ti bàbá yẹn ló ya òun lẹ́nu: ẹni tó kàwé, tó rí jẹ, tó tún ń fajú ro nítorí ọmọbìnrin! Ó ní àwọn tí ìṣẹ́ ń ṣẹ́, tí wọn kò mọ̀wé, ló máa ń hu irú ìwà bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹ̀ wò. Èkíní ní òtítọ́ bíńtín nínú. Èkejì ló léwu, òun gan-an ló sì mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí Ọlọ́hun ṣe ṣètò rẹ̀. Níbi tí ẹ̀dá kò bá ti tọwọ́ bọ̀ ọ́, ọmọkùnrin tí wọ́n ń bí máa ń fi díẹ̀ ju ọmọbìnrin lọ. Káàkiri àgbáyé, bí wọ́n bá bí ọmọbìnrin 100, ọmọkùnrin máa ń tó nǹkan bíi 105. Lọ́dọ̀ àwa adúláwọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, ó sún mọ́ 103. Ẹni tó bá rò pé ojúsàájú ni èlé yẹn kò tíì bá àwọn agbẹ̀bí sọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin ló ń kú jù ní ìkókó. Àìsàn èémí àti àkóràn máa ń yára mú wọn ju obìnrin lọ. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dàgbà tó ẹni tó ń gbéyàwó, iye wọn àti ti obìnrin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ ṣí Suratu Shura, áyà 49 àti 50, ẹ ó rí Ẹni tó ń pín ọmọ níbẹ̀. Ẹ tún wò ó dáadáa: ọmọbìnrin ni Ọlọ́hun kọ́kọ́ dárúkọ nínú ẹ̀bùn náà kó tó kan ọmọkùnrin.

Ní ti ọkọ tó ń bú ìyàwó rẹ̀ pé obìnrin nìkan ló mọ̀ ọ́n bí, kó yáa dákẹ́. Ẹyin obìnrin, oríṣi kan ṣoṣo ló ń gbé, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní X. Àtọ̀ ọkùnrin ló pín sí méjì: òmíràn gbé X, òmíràn gbé Y. Bí ti X bá wọlé, obìnrin ni. Bí ti Y bá wọlé, ọkùnrin ni. Láti ọdún 1905 ni Nettie Stevens, obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Amẹ́ríkà, ti rí èyí lára kòkòrò. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, síbẹ̀ a ṣì ń rí ìyálọ́kọ tó ń wá ẹ̀sùn sí ìyàwó lẹ́sẹ̀.

Níbi tí a dé yìí, ẹ̀yin ìyá, ẹ gba ìmọ̀ràn ìmọ́tótó kan. Àwọn kan ń sọ fún ara wọn pé bí obìnrin bá fi omi sódà, ìyẹn sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì, fọ ojú ara rẹ̀ kó tó sún mọ́ ọkọ, ọkùnrin ni yóò lóyún rẹ̀. Ẹ má ṣe é. Kò ní kí oyún di ọkùnrin. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń lé àwọn kòkòrò rere tí Ọlọ́hun fi ń ṣọ́ ibẹ̀ dànù, àkóràn á sì ráyè wọlé. Omi lásán, láti ìta, ti tó fún ìwẹ̀nùmọ́. Ohun kan náà ni a ó sọ nípa àgúnmu "ọmọkùnrin" tí wọ́n ń pò kiri: ẹni tó ń tà á mọ̀ pé ìdajì àwọn oníbàárà òun ni yóò padà wá dúpẹ́, bó bá jẹ́ eérú ló tà fún wọn.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ èkíní, pé ilé ọlá ni ọmọkùnrin ti ń pọ̀. Ní ọdún 1973, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, Robert Trivers àti Dan Willard, dábàá pé láàárín ẹranko, abo tó bá jẹun kánú tí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá yóò máa bí akọ ju abo lọ, torí akọ tó lágbára lè gun abo púpọ̀, ṣùgbọ́n akọ aláìlera kò ní rí ọ̀kan gùn. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń wá a lára ọmọ ènìyàn. Douglas Almond àti Lena Edlund wo ìwé ìbí àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà láàárín 1983 sí 2001. Wọ́n rí i pé àwọn ìyá tó wà nílé ọkọ tí wọ́n sì kàwé ń bí ọkùnrin ní ìwọ̀n tó fi díẹ̀ ju ti àwọn tó kù lọ. Ní Rùwáńdà, ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2009 rí i pé àwọn ìyàwó kékeré nílé olórogún ń bí obìnrin díẹ̀ ju àwọn ìyálé lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí bú aya rẹ̀ o! Ìyàtọ̀ náà kéré débi pé kò sí ẹni tó lè fojú rí i nínú ilé kan tàbí ládùúgbò kan. Àfi kí wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbí jọ kó tó hàn. Òtítọ́ bíńtín tí a sọ nìyẹn. Ẹni tó bá ń retí pé owó òun yóò bá òun bí ọmọkùnrin, ó ń retí ohun tí kò sí.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí owó ti ṣe bẹbẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí, tí kì í sì í ṣe nínú ilé-ọmọ obìnrin. Ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló ti ṣe é. Ibẹ̀ ni Íńdíà.

Ní ọdún 1789, Jonathan Duncan, aṣojú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Benares, kọ ìwé nípa ẹ̀yà Rajput kan tó ń pa ọmọbìnrin wọn ní ìkókó. Rajput kì í ṣe mẹ̀kúnnù. Ìran jagunjagun àti olóyè ni wọ́n, àwọn ló ni ilẹ̀. Kí ló wá dé? Lọ́dọ̀ wọn, ilé tó ga ju ti bàbá rẹ̀ lọ ni wọ́n ń fi ọmọbìnrin fún, bàbá ìyàwó ló sì ń kó owó àti ẹrù fún ìdílé ọkọ. Níbi tiwa, ọkọ ló ń san sàdáákì fún ìyàwó. Níbi tiwọn, òdìkejì rẹ̀ ni. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè rí ilé tó ju tirẹ̀ lọ fi ọmọ sí. Ẹni tó ti wà lókè téńté ńkọ́? Ilé wo ló kù tó ga ju tirẹ̀ lọ? Kàkà kí wọ́n fi ọmọ fún ẹni tó rẹlẹ̀, wọ́n yàn láti má ní ọmọbìnrin rárá. Ní ọdún 1870 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin láti dá a dúró. Suratu Isra, áyà 31, kọ̀ fún ẹni tó ń pa ọmọ rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù òṣì. Kí ni ẹni tí kò bẹ̀rù òṣì, tó jẹ́ pé ọlá ló ń gbé e gùn, yóò wí lọ́jọ́ ìṣirò?

Ẹ má rò pé ìtàn àtijọ́ ni. Nígbà tí ẹ̀rọ síkáànì tí wọ́n fi ń wo inú aláboyún gbalẹ̀ ní Íńdíà láti bí ọdún 1980 wá, àwọn dókítà kan bẹ̀rẹ̀ sí polówó pé kí bàbá náwó kékeré nísinsin yìí láti mọ ohun tó wà nínú oyún, kó má baà náwó ńlá lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Bí wọ́n bá ti rí obìnrin, wọn á ṣẹ́ oyún náà. Ìkànìyàn ló tú àṣírí. Ní ọdún 1981, bí ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún méje bá jẹ́ 1,000, ọmọbìnrin ẹgbẹ́ wọn jẹ́ 962. Ní 1991 ó di 945. Ìjọba ṣòfin ní 1994 pé dókítà kò gbọdọ̀ sọ bóyá akọ ni tàbí abo. Síbẹ̀, ní 2001 ó di 927, ní 2011 ó sì wá sí nǹkan bíi 919.

Ibo ló ti burú jù? Ní Punjab, ilẹ̀ ọlọ́ràá tó ń fi àlìkámà bọ́ Íńdíà, tí àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ ti ń fi katakata ro oko tipẹ́tipẹ́. Níbẹ̀, ní 2001, ọmọbìnrin 798 péré ló wà fún ọmọkùnrin 1,000. Ní Haryana tó múlé gbè é, 819. Ẹ wá fi wé àwọn ẹ̀yà inú igbó àti orí òkè tí ìjọba Íńdíà kà mọ́ àwọn tí ìṣẹ́ ń bá fínra jù: ní ọdún kan náà, ọmọbìnrin tiwọn jẹ́ 973. Àwọn tí kò ní iná, tí kò ní ilé ìwòsàn, àwọn ló dá ọmọbìnrin wọn sí.

Ìwádìí kan tí Prabhat Jha àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2011 tilẹ̀ wọ inú ilé lọ. Wọ́n wo ọmọ kejì nínú ìdílé tí àkọ́bí ti jẹ́ obìnrin. Ní 1990, wọ́n ń bí ọmọbìnrin 906 sí ọmọkùnrin 1,000 nírú ilé bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2005, ó ti já wálẹ̀ sí 836. Níbi tí àkọ́bí ti jẹ́ ọkùnrin, kò sí ìyípadà kan gbòógì. Àwọn ìyá tó ti lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nílé ẹ̀kọ́ àti àwọn ìdílé olówó ni ìdínkù náà ti pọ̀ jù.

Kì í ṣe pé ìwé ló kọ́ wọn níkà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó kàwé tó sì lówó kì í fẹ́ bí ju méjì lọ. Ẹni tó bá bí méjì péré, ìdílé kan nínú mẹ́rin ni yóò jẹ́ obìnrin méjèèjì. Ẹni tó bí mẹ́rin, bíi ọ̀kan nínú 17. Ẹni tó bí mẹ́fà, bíi ọ̀kan nínú 70. Òtòṣì tó ń bí mẹ́fà yóò rí ọkùnrin láì wá a. Olówó tó fẹ́ méjì péré, tó sì ti búra pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ọkùnrin, òun ni yóò wá dókítà lọ, torí ó ní owó tí yóò san. (Ìdílé tí a lọ bá ṣe sùná lọ́jọ́ sí, ọ̀kan nínú 17 yẹn ni wọ́n. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe ọwọ́ ayé, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.)

A mọ ohun tí àwọn kan nínú yín yóò sọ: àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Azerbaijan ńkọ́? Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀, síbẹ̀ ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé 2000, ọmọkùnrin tí wọ́n ń bí lé ní 114 sí ọmọbìnrin 100. Orúkọ ẹ̀sìn lásán kò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá níbí, a dúpẹ́, kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Iye ọkùnrin àti obìnrin tí à ń bí ṣì wà bí Ọlọ́hun ṣe tò ó. Ṣùgbọ́n ìyà ọmọkùnrin tí a kò rí, orí ìyá la ń gbé e lé. Annamaria Milazzo, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé, yẹ ìwádìí ìlera ìdílé tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà wò. Ó rí i pé obìnrin tí àkọ́bí rẹ̀ jẹ́ obìnrin máa ń wà nílé olórogún ju ẹni tí àkọ́bí rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin lọ, ìgbéyàwó rẹ̀ máa ń tú jù, ó máa ń bímọ jù, àlàfo àárín ọmọ kan sí èkejì rẹ̀ sì máa ń kúrú. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni tiwa ní abala ìlera. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí obìnrin tó bímọ sinmi fún oṣù 24, ó kéré tán, kó tó tún lóyún. Ara tí kò sinmi, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tíì padà. Ilé-ọmọ tó ti gbé oyún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í yára súnkì lẹ́yìn ìbí mọ́, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà. Ní Nàìjíríà, nínú ìbímọ 100,000, ìyá tó ń kú tó nǹkan bíi 1,000. Èwo nínú wọn ló kú níbi tó ti ń wá àrólé fún ẹlòmíràn? Kò sí ẹni tó ń kọ ìyẹn sínú ìwé ikú.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni pé ọ̀nà tí Íńdíà gbà ni àwa náà ń gbà bọ̀. Àwọn ìdílé tó lówó nínú wa ti ń bí mẹ́ta, mẹ́rin, torí owó ilé ìwé. Ilé ìwòsàn kan wà ní àwọn ìlú ńlá tí wọ́n ń polówó pé àwọn lè fi ẹ̀rọ ṣa ọmọkùnrin níta kí wọ́n tó gbé e sínú ìyá, owó rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù náírà. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè ṣe é níbẹ̀, torí òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 2008 kà á léèwọ̀ àyàfi nítorí àìsàn àjogúnbá. Ẹ̀gbẹ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n ń lọ, tàbí kí wọ́n wá sílé. Ọ̀rọ̀ fátíwà rẹ̀, a fi lé àwọn aáfà wa lọ́wọ́. Ohun tí a fẹ́ kí wọ́n wò pẹ̀lú ni ẹni tó ń lọ ṣe é: kì í ṣe àgbẹ̀ Ìgbòho, kì í ṣe alábẹ́sẹ̀ ọjà. Àwa ni, àwa tí à ń jókòó ní sààfù iwájú, tí à ń dáwó fún mọ́ṣáláṣí.

Ó ṣeé yí padà o. Ní Gúúsù Kòríà, lọ́dún 1990, ọmọkùnrin tí wọ́n ń bí ti di 116 sí ọmọbìnrin 100. Wọ́n ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní hoju, tó fi ọkùnrin ṣe olórí ìwé ìdílé, tó sì jẹ́ pé bàbá kú ọmọkùnrin rọ́pò. Àrólé gan-an nìyẹn. Ilé ẹjọ́ ní kò bófin mu lọ́dún 2005, wọ́n sì pa á rẹ́ ní 2008. Obìnrin ti ń ṣiṣẹ́ oṣù, àwọn arúgbó ti ń rí owó ìfẹ̀yìntì, kò sì pọn dandan mọ́ kí wọ́n gbójú lé ìyàwó ọmọkùnrin fún oúnjẹ alẹ́. Iye náà ti padà sí bó ṣe yẹ kó wà. Àwọn tó kàwé àti àwọn ará ìlú ńlá ló sì ṣáájú nínú ìyípadà náà. Ìwé àti owó tó ba ti Íńdíà jẹ́, òun náà ló bá wọn tún tiwọn ṣe.

Àwa Mùsùlùmí kò tilẹ̀ nílò ilé ẹjọ́. Suratu Nisa, áyà 11, ti fún ọmọbìnrin ní ìpín tirẹ̀ nínú ogún, láì dúró de àṣẹ mọ̀lẹ́bí. Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kò ní ọmọkùnrin tó dàgbà. Al-Qasim, Abdullah àti Ibrahim, ní kékeré ni gbogbo wọn kú. Láti ara Fatima ni ìran rẹ̀ ti tàn ká. Kí ni a tún ń pè ní àrólé? Bẹ́ẹ̀ ni Suratu Nahl, áyà 58 àti 59, sọ ìwà ọkùnrin tí wọ́n fún ní ìròyìn ọmọbìnrin, tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, tó sì ń sá pamọ́ fún àwọn ènìyàn. Nígbà tí a tún kà á lẹ́yìn sùná náà, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá ọmọ kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí rẹ̀ ló wá sí wa lọ́kàn.

A padà lọ kí ìyá ọmọ nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí a kọ ọ́ síbí, bí a kò bá ti dárúkọ òun. A wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ṣì kéré. Ó bi wá pé kí ni òun máa sọ bí ìyá ọkọ òun bá tún béèrè ìgbà tí òmíràn ń bọ̀. A mú káàdì ìlera rẹ̀, a kọ oṣù àti ọdún tí ara rẹ̀ tó lè tún gbé oyún sí i, a sì fọwọ́ sí i. Bàbá ọmọ gba káàdì náà lọ́wọ́ wa, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi í sápò agbádá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, tó ń gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́ títí a fi dìde.